Ilẹ̀ òkè àbí ilẹ̀ àkùrọ̀: èwo ni kí n háyà ní Sókótó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Àlùbọ́sà ni mò ń tà ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́ níbí. Ẹni tó ń kó ọjà fún mi láti Sókótó ní kí n wá háyà ilẹ̀, ká jọ máa gbin tiwa. Ilẹ̀ méjì ló fi hàn mí: ọ̀kan wà lókè, ó tẹ́jú, owó rẹ̀ ò pọ̀, èkejì wà nísàlẹ̀ létí odò, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Àbí ó fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni? Ta ní ń fi owó gọbọi gba ilẹ̀ olómi?

Ìdáhùn: Kò rẹ́ yín jẹ, Màmá. Ojú Àkúrẹ́ lẹ fi ń wo ilẹ̀ Sókótó. Níbí, ẹni tó fẹ́ kọ́lé ń sá fún etí odò Àlà, nítorí omi ló ń dà wá láàmú. Òjò tiwa ju 1,300 mìlímítà lọ lọ́dún. Tiwọn kò ju nǹkan bí ìdajì rẹ̀ lọ, oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án ló sì ń rọ̀ jù. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọ̀dá.

Ẹ má rò pé gíga láti ojú òkun ni mò ń sọ o. Àkúrẹ́ tilẹ̀ ga díẹ̀ ju Sókótó lọ. (Ti Jọ́ọ̀sì yàtọ̀: ó ga tó 1,200 mítà, òtútù ibẹ̀ ló jẹ́ kí ànàmọ́ òyìnbó máa ta dáadáa.) Bí ilẹ̀ ṣe ga sí odò tó wà nítòsí rẹ̀ ni kí ẹ wò.

Èyí tó wà lókè, tí àwọn Hausa ń pè ní tudu, yanrìn ló pọ̀ níbẹ̀. Omi òjò ń gbà á kọjá lọ sísàlẹ̀ jìnnà. Jéró, ọkà bàbà, ẹ̀wà àti ẹ̀pà ló bá a mu, ní ìgbà òjò nìkan. Igi ibẹ̀ kì í fún pọ̀. Ẹ máa rí igi gawo láàárín oko: ìgbà òjò ló ń wọ́wé, ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń tutù yọ̀yọ̀. Àgbẹ̀ kì í gé e, torí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lọ́ràá.

Tìsàlẹ̀ ni fadama, àkùrọ̀ tí àwa náà fi ń gbin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí odò bá kún tó sì fà, á fi ẹrẹ̀ ọlọ́ràá sílẹ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ ò sì ní jìnnà. Kànga kékeré àti ẹ̀rọ afami ti tó. Oṣù kẹwàá ni wọ́n sábà máa ń da irúgbìn àlùbọ́sà sílẹ̀, kí wọ́n tó lọ́ ọ. Lórí tudu, ibo lẹ ti fẹ́ rí omi nígbà yẹn?

Ṣùgbọ́n ẹ má gba kòtò tó jìn jù. Ibi tí omi bá dúró sí, àlùbọ́sà á jẹrà. Ibi tí iyọ̀ funfun bá sì hàn lójú ilẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Etí àkùrọ̀ náà, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀, ni èmi ìbá mú. Ẹ lọ wò ó ní oṣù kẹsàn-án nígbà tí odò bá kún, kí ẹ tún padà lọ ní oṣù kẹta, kí ẹ wọn bí kànga ṣe jìn tó. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ibi tí búrtálì, ọ̀nà màlúù, gbà kọjá. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ìsàlẹ̀ yẹn náà ni àwọn darandaran ń dà wọ́n lọ.