Kí ló yẹ kí n bi ẹni tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Iléeṣẹ́ kan n'Íkẹjà pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí iṣẹ́ akáǹtì. Níbi tí mo lọ kẹ́yìn, wọ́n ní ṣé mo ní ìbéèrè, mo ní rárá. Mi ò fẹ́ dà bí aláfojúdi ni. Kí ló yẹ kí n bi wọ́n?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kò sí àfojúdi níbẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n kọ́ wa nílé pé ọmọdé kì í bi àgbà ní ìbéèrè ṣáá. Ṣùgbọ́n bí èmi tí mò ń gbani síṣẹ́ bá gbọ́ "rárá, mà", ohun tí mo máa ń rò ni pé iṣẹ́ èyíkéyìí lẹni náà ń wá.

Bi wọ́n pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀, kí ló sì gbé e kúrò?" Bí wọ́n bá ní ó gba ìgbéga, ó dáa. Bí wọ́n bá ń wojú ara wọn, fi sọ́kàn.

Nítorí pé akáǹtì ni tìrẹ, èyí tó ṣe kókó jù rèé: "Ta ló ń buwọ́ lu owó kó tó jáde?" Láwọn iléeṣẹ́ kéékèèké, ẹnì kan náà ló máa ń kọ fáúṣà (ìwé tí wọ́n fi ń béèrè owó kó tó jáde), tó ń sanwó, tó tún ń gba báńkì lọ. Ọjọ́ tí owó bá dín, ìwọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ dì mú, bí o ò tiẹ̀ mọwọ́ mẹsẹ̀. Bí wọ́n bá ní ìwọ nìkan ni, bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i ta ló ń yẹ ìwé rẹ wò. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ kò ní bínú. Inú rẹ̀ á dùn ni.

Ọ̀rọ̀ owó, jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ní àwọn fẹ́ gbà ọ́. Kó o wá bi wọ́n bóyá iye tí wọ́n dá ni yóò wọlé sọ́wọ́ rẹ, àbí wọn ò tíì yọ owó orí. Béèrè pẹ́ńṣọ̀n náà. Òfin ọdún 2014 ní kí iléeṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè máa dá ó kéré tán ìdá 10 nínú 100 owó oṣù rẹ, kí ìwọ náà dá ìdá 8. Èyí tí wọ́n bá ń yọ lára rẹ tí wọn ò fi tiwọn kún un, ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ọ́.

Kọ àwọn ìbéèrè wọ̀nyí sínú ìwé kékeré, kó o sì mú un dání wọlé. Èyí tí wọ́n bá ti dáhùn nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, fò ó.