Èsì: Ọmọ mi kì í fẹ́ gbìyànjú ìṣirò mọ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, Ìyá Káyọ̀dé. Ẹ ní ẹ ti jáwọ́ nínú pípe ọmọ yín ní olódo, pé "ọlọ́pọlọ pípé" lẹ ń pè é báyìí, síbẹ̀ tí ìṣirò bá ti le díẹ̀, ṣe ló ń pa ìwé dé.

Lójú tèmi, oríyìn yẹn gan-an ló fà á. Ní 1998, Claudia Mueller àti Carol Dweck gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ iléèwé ní Amẹ́ríkà. Wọ́n yin àwọn kan pé ọpọlọ wọn pé, wọ́n yin àwọn mìíràn pé wọ́n ṣiṣẹ́ kára. Nígbà tí iṣẹ́ wá le tí wọn ò ṣe dáadáa, ó tètè sú àwọn tí wọ́n yìn fún ọpọlọ. Àwọn mìíràn nínú wọn tiẹ̀ parọ́ máàkì tí wọ́n gbà.

Mo rí irú ẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ àbúrò mi tó ń bá mi yan ẹja tí mò ń tà lọ́jà Olúwo, Ẹ̀pẹ́ níbí. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń sọ pé ọwọ́ ẹ̀ dá ṣáṣá. Lọ́jọ́ kan ẹja jóná, ó kó o pamọ́ sábẹ́ agbọ̀n. Ó dùn mí gan-an, torí ẹ̀rù èmi tí mò ń yìn ín ló ń bà á. Mo yí ọ̀rọ̀ mi padà: "Mo rí i pé o dúró ti iná, o sì ń yí ẹja lemọ́lemọ́." Ní báyìí, òun fúnra ẹ̀ ló ń wá bi mí bí òun ṣe máa dín iná kù.

Ẹ dán an wò lálẹ́ òní, ẹ dárúkọ ohun tí Káyọ̀dé ṣe: "O padà sí ìbéèrè kẹta lẹ́ẹ̀mejì, mo rí ẹ." Ẹ sọ fún bàbá ẹ̀ náà o.