Ẹ má tíì ra ìkòkò ńlá yẹn o: ohun tí bíà mẹ́ta tó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ kọ́ mi

Ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọn bíà nílé, ìbéèrè yín sì ni pé ṣé kẹ́ ẹ ra ìkòkò 30 lítà àti gbogbo irinṣẹ́ tó bá a rìn lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ sì fi bíà lager bẹ̀rẹ̀ torí òun lẹ fẹ́ràn láti máa mu. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ fi ìkòkò yẹn sílẹ̀ ná, kẹ́ ẹ sì fi lager sílẹ̀ ná. Àlàyé ẹ̀ ló máa gùn díẹ̀, ẹ bá mi fi sùúrù kà á, torí bíà tí mo ti dà sínú síǹkì kò kéré.

Lager ń fẹ́ òtútù. Yíìsì tiẹ̀, ìyẹn ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tín tó ń sọ ṣúgà di ọtí, fẹ́ràn nǹkan bíi dígírì 8 sí 13, ibẹ̀ ló sì máa wà títí tó fi máa ṣiṣẹ́ ẹ̀ tán, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á tún gbé e sí òtútù tó ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tẹ́ ẹ ò bá ní fíríìjì tó jẹ́ tiẹ̀ nìkan, wàhálà lẹ fẹ́ fowó rà yẹn. Adùn lager sì tún fẹ́lẹ́ gan-an, kékeré tẹ́ ẹ bá ṣì í ṣe, ẹnu máa mọ̀ ọ́n. Ale, irú bíà tí ò nílò òtútù bẹ́ẹ̀, ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Dígírì 18 sí 22 dára fún un, ọ̀sẹ̀ méjì nínú ike, ọ̀sẹ̀ méjì nínú ìgò, ẹ ti ń mu. Tó bá wá dúdú díẹ̀ tàbí tí hops (òdòdó kíkorò tí wọ́n fi ń pọn bíà) pọ̀ lára ẹ̀, á bá yín bo ọ̀pọ̀ àṣìṣe mọ́lẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ ìkòkò, 5 lítà ni kẹ́ ẹ pọn. Mo mọ̀ pé gbogbo résípì tẹ́ ẹ máa rí, 19 tàbí 20 lítà ni wọ́n kọ síbẹ̀, èmi náà sì rò pé tí èèyàn bá tiẹ̀ máa ṣe wàhálà kó kúkú ṣe é kó pọ̀. Àmọ́ 20 lítà omi tó ń hó kì í ṣe nǹkan eré, sítóòfù ilé mìíràn ò tiẹ̀ lè mú un hó dáadáa, kó sì tutù lẹ́yìn náà tún jẹ́ ìjà mìíràn. Tó bá sì bàjẹ́, 20 lítà ló bàjẹ́. 5 lítà, ìkòkò tẹ́ ẹ fi ń se nǹkan nílé lè gbà á, síǹkì tó kún fún omi tútù lè mú un tutù láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, tó bá sì bàjẹ́ ẹ máa kàn pòṣé ni, ẹ ò ní sunkún.

Tọ́ọ̀, ẹ jẹ́ n wá sọ ti àwọn tó bàjẹ́.

Èyí àkọ́kọ́, mo ti gbọ́ pé ìmọ́tótó ni gbogbo ẹ̀, mo wá da bílíìṣì sínú báàkẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó fẹ́ fọ aṣọ funfun, mo fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀kan péré, mo ní ó ti tó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ mo tọ́ ọ wò, àfi bíi pé mò ń lá bándéèjì ọsibítù. Chlorine inú bílíìṣì tó kù lára ike ló lọ dà pọ̀ mọ́ àwọn nǹkan tó wà nínú mọ́ọ̀tì, ìyẹn ọkà báálì tí wọ́n jẹ́ kó hù díẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ ẹ́ láti fi pọn bíà, ohun tó máa ń bí ni wọ́n ń pè ní chlorophenol, bíńtín ẹ̀ sì ti tó láti ba odindi báàkẹ́ẹ̀tì jẹ́. Kò sí bó ṣe lè pẹ́ tó nínú ìgò, kì í kúrò. Omi ẹ̀rọ náà lè fà á o, torí wọ́n máa ń fi chlorine sí i. Chlorine lásán máa ń bá ooru lọ tẹ́ ẹ bá se omi náà, àmọ́ ibòmíì chloramine ni wọ́n ń lò, ìyẹn ò gbọ́ ti sísè. Oògùn kékeré kan wà tó ń jẹ́ Campden, ìdá mẹ́rin ẹyọ kan ti ju ohun tí 5 lítà nílò lọ, ẹ lọ̀ ọ́ sínú omi yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé fífọ̀ yàtọ̀ sí pípa kòkòrò. Ẹ máa kọ́kọ́ fi ọṣẹ tí kò lóòórùn fọ nǹkan títí ìdọ̀tí máa fi kúrò, kànrìnkàn rírọ̀ ni kẹ́ ẹ lò torí tí ike bá ti ha báyìí, inú ojú ibi tó ha yẹn ni kòkòrò máa sùn sí. Lẹ́yìn náà ni sánítáísà á wá kàn án, irú tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń pọntí, tí kò ní kẹ́ ẹ ṣàn án kúrò. Ìhó ẹ̀ máa bà yín lẹ́rù níjọ́ àkọ́kọ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe bíà ní nǹkan kan. Kẹ́ ẹ sì má wá máa ya wèrè pẹ̀lú ẹ̀, ohun tó bá kan omi mọ́ọ̀tì kó tó hó ò nílò ẹ̀, ìgbà tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ tó ti tutù ni gbogbo nǹkan tó bá máa kàn án gbọ́dọ̀ ti gba sánítáísà, títí kan sáṣẹ́ẹ̀tì yíìsì àti sísọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ fẹ́ fi gé e.

Ẹ̀ẹ̀kejì, mo ti wá mọ́ tónítóní, ooru ló wá mú mi. Mi ò ní sùúrù kí omi mọ́ọ̀tì náà tutù, ó ṣì gbóná bí omi ìwẹ̀ ni mo da yíìsì sí i, mo wá gbé e sínú yàrá tó ti dígírì 29 tẹ́lẹ̀. Kò tíì pé wákàtí mẹ́fà tó ti ń hó bùkẹ̀bùkẹ̀, inú mi dùn, mo ń pe àwọn èèyàn wá wò ó. Ó ṣe tán lọ́jọ́ mẹ́ta. Nígbà tá a mu ún, ó ń rùn bí ohun tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà rẹ́, ife kan péré lórí fi ń fọ́ gbogbo wa láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ooru ló ń jẹ́ kí yíìsì ṣe irú ọtí líle yẹn. Ohun tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé yíìsì fúnra ẹ̀ máa ń mú ooru jáde tó bá ń ṣiṣẹ́, inú ike lè fi dígírì mẹ́ta sí márùn-ún gbóná ju yàrá lọ tí ọtí yẹn bá pọ̀. Torí náà tẹ̀mọ́mítà tó wà lára ògiri ń tàn yín ni, ara ike gan-an ni kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Tí ibi tẹ́ ẹ wà bá gbóná, ẹ gbé ike náà sínú bàsíà omi, ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ti gbó fún un kí etí aṣọ náà wọnú omi, ẹ kọjú fáànù sí i, kẹ́ ẹ sì máa ju ìgò ike tí omi inú ẹ̀ ti di yìnyín sínú bàsíà náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó dà bí eré ọmọdé, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù, lẹ́yìn ìyẹn tó bá gbóná díẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, ó tiẹ̀ ń jẹ́ kí yíìsì parí iṣẹ́ ẹ̀. Tí ìyẹn náà bá nira, ẹ wá yíìsì tí wọ́n ń pè ní kveik, ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Norway ló ti wá, dígírì 30 sí 40 ni òun ń gbádùn ní tiẹ̀, bíà ẹ̀ sì máa ń mọ́. Ká ní mo tètè mọ̀ ọ́n ni, mi ò bá má ra fíríìjì kejì.

(Nǹkan kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: òfin bíà tí wọ́n ṣe ní Bavaria nílẹ̀ Jámánì lọ́dún 1516 ní omi, ọkà báálì àti hops nìkan ló gbọ́dọ̀ wọ inú bíà. Wọn ò dárúkọ yíìsì rárá, òun tó sì ń ṣe gbogbo iṣẹ́ nìyẹn.)

Ẹ̀kẹta nìkan ló bà mí lẹ́rù lóòótọ́. Kíìtì kan ni mo rà, wọ́n kọ ọ́ sára páálí ẹ̀ pé ọjọ́ méje ló máa gbà. Ọjọ́ keje pé, mo wo airlock, ìyẹn ohun kékeré orí ìdérí tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde láìjẹ́ kó wọlé, kò hó mọ́, mo ní ó ti tán. Mo rọ ọ́ sínú ìgò, mo ń fi ṣíbí bu ṣúgà sínú ìgò kọ̀ọ̀kan, mi ò wọn nǹkan kan, ṣíbí kan kún ju òmíì lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn ẹ̀, òru dúdú, mo kàn gbọ́ gbàà! Mo rò pé olè ti fọ́ fèrèsé. Kí n tó wá bàtà mi rí, gbàà míì. Ìgò mẹ́fà ló fọ́ lóru yẹn, àfọ́kù ẹ̀ sì wọ inú pákó kọ́bọ́ọ̀dù tí mi ò lè fọwọ́ fà á yọ, ẹ wá ro ó tó bá jẹ́ ojú èèyàn. Àwọn tó kù, mo wọ kóòtù tó nípọn àti dígí ojú kí n tó lè sún mọ́ wọn, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò wọ́n gbé wọn lọ sínú òtútù, ọjọ́ kejì ni mo tó ṣí wọn, ó sì ń tú jáde bí omi páìpù tó bẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé yíìsì ò tíì jẹ ṣúgà inú mọ́ọ̀tì tán, mo wá tún fi òmíì kún un, mo sì dé e pa. Airlock ò mọ nǹkan kan, ó lè má hó nítorí pé ìdérí ò le dáadáa, ó sì lè máa hó nítorí pé ojú ọjọ́ yí padà lásán. Hydrometer ló máa sọ òótọ́ fún yín, ọ̀pá gíláàsì kékeré tó máa ń léfòó nínú ọtí. Omi lásán, 1.000 ló máa kà. Omi mọ́ọ̀tì yín lè kà 1.044 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó bá wá kù sí 1.010 tó sì wà níbẹ̀ láìyẹsẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó ti tán nìyẹn. Ẹ yọ ìkejì kúrò nínú àkọ́kọ́, ẹ fi 131 sọ ọ́ di púpọ̀, bí ọtí yẹn ṣe le tó lẹ rí yẹn, bíi 4.5% nìyí. Ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n o, ooru máa ń jẹ́ kó purọ́. Tẹ́ ẹ bá máa ra nǹkan méjì péré, òun àti síkélì tó lè wọn gíráàmù ni kẹ́ ẹ rà, ìkòkò ńlá lè dúró.

Bí mo ṣe máa ṣe é ká ní èmi ni yín: omi bíi 6.5 lítà nínú ìkòkò, torí ooru máa gbé bíi lítà kan àtààbọ̀ lọ. Mọ́ọ̀tì lẹ́búlẹ́bú gíráàmù 600, kẹ́ ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀ kúrò lórí iná kẹ́ ẹ tó dà á sí i, kẹ́ ẹ sì yára rò ó, torí tí ooru bá ti kan lẹ́bú yẹn, ó máa di gọ́ọ̀mù mọ́ yín lọ́wọ́. Tó bá ti fẹ́ hó, ẹ dúró tì í. Mo ní ẹ dúró tì í! Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ló fi máa ń ru sórí sítóòfù, yíyọ ẹ̀ kúrò sì nira ju pípọn bíà lọ. Tó bá ti rọlẹ̀, hops gíráàmù 10 wọlé, irú tí wọ́n ń pè ní Cascade dára, kó hó fún wákàtí kan, èyí ló ń mú kíkorò wá. Tó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, gíráàmù 5 míì, òórùn dídùn ni tìyẹn, tó bá pẹ́ lórí iná òórùn náà máa bá ooru lọ. Ẹ mú un tutù wá sí dígírì 20, ẹ dà á sínú ike tó fẹ̀ ju ohun tó wà nínú ẹ̀ lọ, bíi 7 tàbí 8 lítà, kí ìhó lè ráyè, ẹ mì í jìgìjìgì torí yíìsì ń fẹ́ atẹ́gùn ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ wá wọ́n ìdajì sáṣẹ́ẹ̀tì yíìsì ale gbígbẹ sí i. Ìgbà tó ń fẹ́ atẹ́gùn kò ju ìyẹn lọ o. Látìgbà náà lọ ọ̀tá ẹ̀ ni, tẹ́ ẹ bá ń rọ ọ́ tó ń ta jàbùjàbù, bíà yín máa ní adùn páálí tútù.

Ìdúró ló kù, ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má máa ṣí i wò, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ̀n ọ́n. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rọ ọ́ sígò, gíráàmù ṣúgà 6 fún lítà kan, ẹ sè é pẹ̀lú omi díẹ̀, ẹ da gbogbo ẹ̀ sínú ike míì tó mọ́, ẹ fi rọ́bà fa bíà lé e lórí kó lè dọ́gba, ẹ fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ìgò bíà tó nípọn, aláwọ̀ búráùn, torí tí oòrùn bá kan hops ó máa rùn. Ẹ rọ ìgò ike kan mọ́ wọn, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tó ti le bí òkúta, ẹ mọ̀ pé àwọn tó kù náà ti ṣe tán, ẹ kó wọn sí fíríìjì.

Ẹ tún béèrè bóyá mímu bíà tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín pọn lè fọ́ yín lójú. Rárá, ọtí tí wọ́n sè tí wọ́n ń gba oje ooru ẹ̀ ni ewu yẹn wà níbẹ̀, ẹ má dá ìyẹn láṣà nílé. Bíà tó bá bàjẹ́ kàn máa ń burú lẹ́nu ni. Omi gbígbóná àti ìgò tó ń fọ́ ni kẹ́ ẹ máa bẹ̀rù.

Tẹ́ ẹ bá ti pọn ọ́n, ẹ kọ nọ́ńbà ọjọ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀, ẹ kọ bí ara ike ṣe gbóná tó láàárọ̀ àti lálẹ́, lọ́jọ́ kẹwàá ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ sọ ohun tó kà fún mi. Tó bá ṣì ju 1.015 lọ, ẹ má fọwọ́ kan ìgò kankan, ẹ pè mí.