Fi okùn sí gìtá náà kí o tó kùn ún

Àbúrò, o ní o ti gbẹ́ ara gìtá oníná náà tán, ọrùn rẹ̀ ti dúró, ó ku kí o gbé e lọ bá àwọn tó ń kun mọ́tò. Ọ̀dà wo ni kí o rà? Má tíì ra ọ̀dà kankan. Kó gbogbo irin rẹ̀ sí i, fi okùn sí i, kí o máa lù ú ní ìhòòhò bẹ́ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kan gìtá nílé, n kì í sì í fo ìpele yìí.

Tí o bá yí okùn mẹ́fà nọ́ńbà 10 (nọ́ńbà sísanra okùn) dé ohùn tó yẹ, agbára tí wọ́n fi ń fa ọrùn gìtá tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 45, díẹ̀ ló fi dín sí àpò símẹ́ǹtì kan. Ọrùn tó tọ́ lórí tábìlì á tẹ̀ síwájú díẹ̀. Truss rod, ọ̀pá irin inú rẹ̀, lo máa fi dá a padà. Wo okùn àkọ́kọ́ àti ìkẹfà náà: ṣé àyè tó wà láàárín wọn àti etí ọrùn dọ́gba? Lẹ́yìn náà ni bridge, irin tí okùn gbé lé lára gìtá. Tó bá jẹ́ ìwọ̀n gìtá Stratocaster lo lò, íǹṣì 25.5 ni gígùn ibi tó ń dún lára okùn, fret (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn) kejìlá á sì wà ní ìdajì, ṣùgbọ́n saddle (irin kékeré orí bridge tí okùn kọ̀ọ̀kan gùn lé) okùn tó nípọn gbọ́dọ̀ sún sẹ́yìn díẹ̀ ju ti tín-ín-rín lọ. Fọwọ́ kan okùn fẹ́rẹ́ lórí fret kejìlá kó dún, kí o wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Bí ohùn èyí tí o tẹ̀ bá ga jù, fa saddle sẹ́yìn. Tí kò bá sí àyè mọ́, a jẹ́ pé bridge gan-an ló gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Lórí igi lásán, wàá fi igi dí ihò àtijọ́, wàá lu òmíràn. Lórí ara tó ti ń dán, àpá náà ò ní lọ.

Ọ̀gánwó tí o rà ní Bódìjà dára. Afárá náà dára. Òun ni ilé iṣẹ́ Gibson fi ṣe gìtá Flying V tó jáde ní 1958, tí àwọn èèyàn ń fi owó ńlá wá kiri lónìí. Àwọn igi méjèèjì ní ihò wẹ́wẹ́ tó ń mu lákà, ọ̀dà dídán tí wọ́n ń fọ́n sí igi. Fi aṣọ tútù nù ún kí irun igi dìde, jẹ́ kó gbẹ, fi sánńpépà 220 gbo ó tẹ̀lé ìlà igi, kí o wá dí ihò wọ̀nyẹn kí sanding sealer, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń dí ojú igi, tó kàn án. Fi téèpù bo ibi tí ọrùn ń wọ̀, torí ọ̀dà níbẹ̀ á yí ìdúró ọrùn padà.

Tí òjò bá ń ṣú, ẹ má fọ́n lákà. Bí tínà bá ṣe ń gbẹ, ojú igi á tutù, omi inú afẹ́fẹ́ á bà lé e, lákà á sì funfun. Ìgbà ọyẹ́ ni mo fẹ́ràn jù, eruku rẹ̀ nìkan ni wàhálà. Àwọn tó ń kun mọ́tò mọ iṣẹ́, àmọ́ wọ́n ń kánjú: dúró tì wọ́n, kí wọ́n fọ́n ọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ léraléra. Lẹ́yìn ìyẹn, gbé e kọ́. Ìgbà tí o bá fimú sún mọ́ ọn tí o kò gbóòórùn tínà mọ́ ni kí o fi omi àti sánńpépà 1000 dé 2000 gbo ó. Má jẹ́ kí omi wọ ihò kankan, igi á wú, lákà etí rẹ̀ á sì sán.

Ẹni tó ní ọ̀dà máa pa ohùn gìtá oníná rẹ, má dá a lóhùn. Pickup, ohun tó ń gba ohùn okùn, ni kó lọ wò.

Ohun kan tó kù: lu ihò wáyà ilẹ̀ (ground) láti abẹ́ bridge wọ inú ihò tí àwọn bọ́tìnì wà nígbà tí igi ṣì wà lásán, kí o lè fi lẹ́ẹ̀dì so wáyà náà mọ́ ẹ̀yìn bọ́tìnì fólúùmù. Láìsí wáyà yìí, gìtá á máa kùn hùùù, ìwọ á sì máa bú NEPA.