Láptọ́ọ̀pù fún láíbírì: ẹ kọ́kọ́ bèèrè ta ló máa di kọ́kọ́rọ́ mú

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ ní ẹgbẹ́ yín fẹ́ kó kọ̀ǹpútà sí láíbírì àdúgbò yín ní Mọ́níyà, pé ṣé láptọ́ọ̀pù ni àbí désíkítọ́ọ̀pù. Láptọ́ọ̀pù ni jàre. NEPA á mú iná lọ, iṣẹ́ tọ́mọ ń ṣe lọ́wọ́ ò ní bá a lọ.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni wàhálà. Àwa náà ra tiwa, àwa tá a jọ jáde níléèwé la dáwó ẹ̀, a kó o lọ sí láíbírì ìjọba kan n'Íbàdàn níbí, wọ́n fẹ̀rín gbà á, wọ́n ya fọ́tò. Àfi bí ọ̀gá wọn ṣe ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí ọ̀gá ńlá kan á fi wá ṣí i. Ni wọ́n bá kó gbogbo ẹ̀ sí sítọ̀ọ̀, ooru páànù, eruku, eku. Wọ́n ní ká kọ lẹ́tà, a kọ ọ́, wọ́n ní fáìlì ò tíì sọ̀kalẹ̀, ẹni tí fáìlì wà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ lífù, ẹni tó dúró fún un ò láṣẹ láti fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ sì làwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB wà ní títì kejì, wọ́n ń sanwó fún oníkáfè kí wọ́n tó lè fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù! Ìdánwò tó ti di ti kọ̀ǹpútà fún gbogbo èèyàn láti 2015, tó jẹ́ pé bọ́tìnnì mẹ́jọ lèèyàn lè fi ṣe é, A, B, C, D, N, P, S àti R, màóòsì gan-an ò pọn dandan. Ìgbà tí wọ́n jàjà ṣílẹ̀kùn, bátìrì àwọn kan ti wú bíi pọ́ọ̀fù.

Wọ́n tún wá ní aago mẹ́jọ sí mẹ́rin, ọjọ́ iṣẹ́ nìkan. Ọmọ iléèwé wà ní kíláàsì, ọmọ iṣẹ́ télọ̀ wà lọ́dọ̀ ọ̀gá ẹ̀, ta ló wá kù? Òṣìṣẹ́ tó ń gbá géèmù.

Torí ẹ̀, kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ gbà á ní kíkọ pé ẹni báyìí ló di kọ́kọ́rọ́ mú, pé wọ́n á máa ṣí i nírọ̀lẹ́ àti ní Sátidé. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ pé ẹ yá wọn ni o, ẹ ò fi tọrẹ, kẹ́ ẹ lè kó o kúrò tí wọ́n bá gbé ìṣe wọn dé.

Íntánẹ́ẹ̀tì ò le. Kolibri, ètò tó ń kó ẹ̀kọ́ pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni, ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà kan, kí ìyókù máa fi Wi-Fi wò ó níbẹ̀, kò jẹ dátà. Kiwix náà wà, òun lẹ fi máa ka Wikipedia láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ tún ṣọ́ra fún NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ, tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún JAMB. Orí fóònù ọmọ fúnra ẹ̀ ni kó ti fi ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019 fún kóòdù tí wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀ fún JAMB, kí àwọn ará láíbírì má kọ NIN ẹ̀ sílẹ̀ sínú ìwé kankan. Mo mọ ọmọ tí oníkáfè yí pásíwọ́ọ̀dù ímeèlì ẹ̀ padà, tó ní àfi kó mówó wá.

Ẹ gba ìwé kọ́kọ́rọ́ yẹn ná, lẹ́yìn ẹ̀ ká wá sọ̀rọ̀ bátìrì sólà.