Èsì: Kí ló dé tí Lakers, ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì Los Angeles ní Amẹ́ríkà, fi pàdánù ní 2004 pẹ̀lú gbogbo ìràwọ̀ wọn?

Ẹ kú ìbéèrè. Ọjọ́ orí àti orúnkún Karl Malone, ọ̀kan nínú àwọn ìràwọ̀ náà, ló kọ́kọ́ dá kún un. Kíkó ìràwọ̀ jọ a máa mú ife wá nínú básíkẹ́ẹ̀tì, bí ara wọn bá ṣì le, tí oníkálukú sì gbà kí bọ́ọ̀lù dín kù lọ́wọ́ òun.

Lóòótọ́, Shaquille O'Neal, Kobe Bryant, Malone àti Gary Payton jọ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Malone ti pé ẹni 40 ọdún, ó sì fara pa, nígbà tí Detroit Pistons, tí òkìkí wọn kò tó bẹ́ẹ̀ rárá, fi ìdènà tó gbópọn borí wọn ní 4 sí 1 nínú àṣekágbá. (Lakers kan náà tún kó Steve Nash àti Dwight Howard wá ní 2012, San Antonio Spurs sì gbá wọn dànù ní ìpele àkọ́kọ́ ìdíje ife ní 2013.)

Ti Boston Celtics yàtọ̀. Kevin Garnett àti Ray Allen wá bá Paul Pierce ní 2007, ẹgbẹ́ tó borí nínú eré 24 péré ní sáà tó ṣáájú sì borí nínú 66, wọ́n sì gba ife ní 2008, nítorí pé Garnett fi ìdènà ṣáájú ohun gbogbo.