Ẹ má dáná sun igbó yẹn

Ẹ kú ìtọ́jú igbó o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè bóyá kí ẹ dáná sun igbó kékeré yín ní Kuje, nítòsí Abuja, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é! Àsìkò yìí ni awó ń múra àtiyé, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ koríko sì ni òun àti àparò ń yé ẹyin wọn sí. Ẹ fi ọ̀pá ya koríko wò kí ẹ tó gbé àdá sí i. Bí ẹ bá rí kòtò pẹlẹbẹ tí ẹyin wà nínú rẹ̀, ẹ yà fún un. Èso igi èmí, tí a fi ń ṣe òrí, náà kò tíì pọ́n lórí ẹ̀ka, iná lè bà á jẹ́. Ojú ọ̀nà nìkan ni kí ẹ ro. Bí ẹ bá fẹ́ gbin igi, ó lè dúró di oṣù kẹfà, tí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé.